Bí ẹ ṣe lè ta gìtá oníná láìjó sípíkà

Ẹ mú sípíkà gìtá tó ti jó, ẹ fi abẹ yọ ìdérí roboto tó wà láàárín bébà rẹ̀. Imú yín ló máa kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: òórùn fáníìṣì tó jó, èyí tí kì í tètè kúrò nínú àpótí. Lẹ́yìn náà ẹ óò rí wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé yí ọ̀pá kékeré kan ká. Òun ni kọ́ìlì. Bí ara wáyà náà bá ṣì ń dán bíi bàbà tuntun, nǹkan mìíràn ló ṣe sípíkà náà. Bí ó bá ti dúdú, tó sì ti tú kúrò lára ọ̀pá rẹ̀ bí òwú tó tú, ooru ló pa á.

Kọ́ìlì yìí ń lọ síwá-sẹ́yìn nínú àlàfo mágínẹ́ẹ̀tì. Àyè tó wà láàárín òun àti irin kò tó mìlímítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo iná tí àmpìlìfáyà ń rán sí i, díẹ̀ ló ń di ohùn. Sípíkà gìtá tó dára pàápàá kì í sọ ju nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ di ohùn, èyí tó pọ̀ jù kì í tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyókù di ooru, ara kọ́ìlì ni ooru náà sì ń kó sí. Ó lè gbóná kọjá 200°C.

Ibi tó le nìyí: bí bàbà bá ṣe ń gbóná sí i ni ó ń dènà iná sí i. Kọ́ìlì tó jẹ́ óòmù 6 (óòmù ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó) nígbà tó tutù á di nǹkan bí óòmù 10 ní 200°C. Iná tó ń wọlé á dín kù, ohùn á rọlẹ̀. Onígìtá á rò pé àmpìlìfáyà ló ń rẹ̀, á yí i sókè. Kọ́ìlì á tún gbóná sí i. Ní àkókò ìyìn nínú ìjọ, tó lè gba ọgbọ̀n tàbí ogójì ìṣẹ́jú láìsí ìdánudúró, báyìí ni sípíkà ṣe ń jó tí ẹnikẹ́ni kò fura. Nítorí náà, bí ohùn gìtá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láàárín eré láìjẹ́ pé ẹnìkan fọwọ́ kan nǹkan, ẹ má yí i sókè. Ẹ yí i wálẹ̀ fún odindi orin kan, kí ara kọ́ìlì tutù.

Wáàtì tòótọ́ àti wáàtì ẹnu

Lára àwọn àpótí tí wọ́n ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ óò rí 1000W tàbí 2000W PMPO gàdàgbà-gadagba. Ẹ má fi PMPO ra ohunkóhun, nọ́ńbà ìpolówó lásán ni. Wáàtì RMS ni kí ẹ bèèrè, torí òun ni iná tí kọ́ìlì lè gbà fún ìgbà pípẹ́. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sára rẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tún sípíkà ṣe wọn bí kọ́ìlì náà ṣe fẹ̀ tó. Kọ́ìlì tó fẹ̀ ní íǹṣì 1.75 ló wà nínú ọ̀pọ̀ sípíkà gìtá oníwáàtì 25 títí dé 75. Èyí tí kọ́ìlì rẹ̀ kò ju íǹṣì méjì lọ tó wá ń pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún wáàtì, irọ́ ni. Títóbi mágínẹ́ẹ̀tì kò sì sọ wáàtì fún yín. Ó lè tóbi bí igbá kí kọ́ìlì inú rẹ̀ má ju ìka lọ.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ so sípíkà pọ̀ mọ́ àmpìlìfáyà, ẹ rántí pé nọ́ńbà tó wà lára àmpìlìfáyà ni èyí tó lè ṣe nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Bí ẹ bá yí oníwáàtì 50 dé ibi tó ti ń hó, orí ìgbì ohùn náà á gé pẹrẹsẹ, iná tó ń wọ kọ́ìlì sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn wáàtì 100. Ìdí nìyí tí sípíkà oníwáàtì 50 fi ń jó lẹ́nu àmpìlìfáyà oníwáàtì 50, tí ẹni tó ni wọ́n á sì máa sọ pé wọ́n bára mu.

Ẹni tó ń ta gìtá bíi ti ẹgbẹ́ jùjú, tí ohùn rẹ̀ mọ́, tó ń já okùn kọ̀ọ̀kan, ń fún kọ́ìlì ní ìsinmi láàárín ìró kan sí èkejì. Fún irú rẹ̀, sípíkà oníwáàtì 75 tó fún àmpìlìfáyà 50. Ẹni tó ń fi pẹ́dà dísítọ́ṣọ̀n mú ohùn hó láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin kò fún un ní ìsinmi rárá. Kí ó lọ gba oníwáàtì 100, tàbí kí ó lo sípíkà oníwáàtì 50 méjì.

Bí ohùn kò bá tó, wáàtì kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ wo nọ́ńbà dB tó wà lára ìwé sípíkà, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ròkè tó lórí wáàtì kan. Sípíkà tó jẹ́ 100 dB ń fi wáàtì 25 ṣe iṣẹ́ tí èyí tó jẹ́ 97 dB máa fi 50 ṣe. Ohun kan sì wà tí kò gba kọ́bọ̀: ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀. Ohùn gìtá ń lọ gbọọrọ bí iná tọ́ọ̀ṣì. Bí àpótí bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn onígìtá, itan rẹ̀ ló ń gbọ́ orin, etí rẹ̀ kò gbọ́, á sì máa yí i sókè ṣáá. Ẹ gbé e lé àga, kí ojú rẹ̀ ga tó àyà tàbí etí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni onígìtá máa ń yí fọ́lúùmù wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Óòmù, wáyà, àti ohun tó ń wà lẹ́nu àmpìlìfáyà

Sípíkà méjì olóòmù 8 tí ẹ so pọ̀, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, di óòmù 4. Bí ẹ bá tò wọ́n tẹ̀léra, tí iná ń gba inú ọ̀kan kọjá sí èkejì, wọ́n di 16. Ẹ wo ẹ̀yìn àmpìlìfáyà: bí wọ́n bá kọ 8 síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù, ẹ má so 4 mọ́ ọn. Ẹ má sì pa olóòmù 4 pọ̀ mọ́ olóòmù 8 lójú kan náà. Wọ́n á di nǹkan bí óòmù 2.7, olóòmù 4 á sì máa gba iná ìlọ́po méjì èyí tí ìkejì rẹ̀ ń gbà, òun ló máa kọ́kọ́ kú. Wáàtì sípíkà méjì tó wà nínú àpótí kan kì í pọ̀ bí ẹ ṣe rò bí wọn kò bá dọ́gba: oníwáàtì 30 àti oníwáàtì 70 kì í ṣe 100, ọgọ́ta ni, torí bákan náà ni wọ́n ń pín iná.

Bí àmpìlìfáyà bá jẹ́ onítíúùbù, ìyẹn àwọn tí gílóòbù inú wọn máa ń pọ́n, ẹ má tan án láé láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀. Iná tí kò rí ibi gbà á padà sínú tiransifọ́mà, á jó o. Ti onítiransísítọ̀ kò bẹ̀rù èyí, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀: bí tiransísítọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́, ó lè máa tú iná DC, irú ti bátìrì, sínú kọ́ìlì. Bébà á fò síwájú tàbí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, á dúró síbẹ̀, èéfín á sì tẹ̀lé e. Kí ẹ tó fi sípíkà tuntun sí ẹnu èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ti àtijọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ sípíkà, ẹ yí fọ́lúùmù dé òdo, ẹ tan àmpìlìfáyà onítiransísítọ̀ náà, ẹ gbé mítà sí fólìtì DC, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ojú ihò sípíkà. Kò yẹ kó kọjá 0.1. Bí ẹ bá rí 20 tàbí 30, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ fún atúnṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń fi sípíkà méjì tàbí mẹ́ta ṣòfò kí wọ́n tó mọ̀ pé àmpìlìfáyà ló ń jó wọn.

Wáyà tó ń ti gìtá lọ sí àmpìlìfáyà kì í ṣe wáyà sípíkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn jọra. Wáyà àárín rẹ̀ tín-ín-rín jù, ó ń gbóná, ó sì lè yọ́ kí méjèèjì kan ara wọn. Wáyà onífọ́nrán méjì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ iná, tó nípọn ní 1.5 mm², tó fún ibi tí kò ju mítà mẹ́wàá lọ. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀, ẹ ra 2.5. Ẹ fi léèdì jó ìdí rẹ̀ mọ́ra dáadáa; ìdí tó ń tú ní ń fa pàù pàù tó ń lu bébà.

Bí gìtá bá ń gba míkísà kọjá

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ ní Ìkòròdú, láti Sábó dé Odò-gunyàn, kò sí àmpìlìfáyà gìtá rárá. Wọ́n ń ti gìtá bọ míkísà ni, á sì jáde nínú àwọn àpótí ńlá tí gbogbo ilé ń gbọ́. Ibí yìí, kì í ṣe kọ́ìlì ńlá ló ń kú. Tuwítà ni, ìyẹn kékeré tó wà lẹ́nu họ́ọ̀nù lókè.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gìtá tí kò ní bátìrì nínú kò lágbára láti wọ míkísà tààrà. Ẹnu míkísà fún un mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ á di bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Nítorí náà wọ́n á yí tírẹ́bù, ìyẹn bọ́tìnnì ìró òkè, dé òpin. Wọ́n á tún tẹ pẹ́dà dísítọ́ṣọ̀n. Sípíkà gìtá kì í gbé ìró tó kọjá bíi 5,000 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó) dáadáa, òun ló ń yọ híhó burúkú inú pẹ́dà náà kúrò. Ṣùgbọ́n tuwítà ń gbé e, ìyẹn tún ni iṣẹ́ rẹ̀. Wáàtì díẹ̀ ni ó sì lè gbà, ó kéré púpọ̀ sí ti sípíkà ìsàlẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ fi àpótí DI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń mú kí ohùn gìtá bá ẹnu míkísà mu, sí àárín gìtá àti míkísà, tàbí kí ẹ tẹ bọ́tìnnì Hi-Z, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bí míkísà yín bá ní i. Ohùn á ṣí fúnra rẹ̀, tírẹ́bù á sì padà sí àárín. Bí pẹ́dà dísítọ́ṣọ̀n bá wà, ẹ fi èyí tó ń ṣe bí àpótí gìtá tẹ̀lé e; cab simulator ni wọ́n ń pè é. Bí kò bá sí, ẹ yí tírẹ́bù wálẹ̀ kọjá àárín, kí ẹ sì gbé ohùn gìtá náà wálẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì 80 Hz tàbí 100 Hz tó wà lójú ọ̀nà gìtá lórí míkísà, èyí tó ń gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò. Okùn gìtá tó nípọn jù ń ró ní 82 Hz. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ìlù ọwọ́ àti ariwo ìdí wáyà lọ. Ẹ yí géènì, bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, títí iná pupa CLIP fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ta gìtá tagbára-tagbára, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀. Bí iná pupa náà bá dúró tí kò kú, tuwítà ń jó lọ́wọ́.

Ìfé tó ń hó fíííí nígbà tí gìtá tàbí máìkì bá kọjú sí àpótí náà ń pa tuwítà. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó. Kí ẹni tó wà lẹ́nu míkísà mọ ọ̀nà gìtá lórí, kí ó lè fà á wálẹ̀ láìwò.

Ẹ má sì jẹ́ kí gìtá béèsì gba inú àmpìlìfáyà gìtá. Okùn béèsì tó nípọn jù ń ró ní 41 Hz, ìdajì ti gìtá. Bí ìró bá rẹlẹ̀ ní ìlọ́po méjì, bébà gbọ́dọ̀ rìn jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin kí ohùn tó lè dọ́gba. Àpótí gìtá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí kò ní atẹ́gùn tó lè dá bébà náà dúró. Kọ́ìlì á máa gbá irin ìdí mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ óò gbọ́ ọ bí ẹni ń fi ìka kan pákó: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúró.

Iná àti jẹnẹrétọ̀

Míkísà, pẹ́dà àti gbogbo nǹkan kéékèèké ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, àmpìlìfáyà ni kó kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n, àmpìlìfáyà ni kó ṣíwájú. Ẹ má fa wáyà gìtá yọ, ẹ má sì ti í bọ̀ ọ́, nígbà tí fọ́lúùmù bá wà lókè. Ariwo bàù yẹn lè já bébà etí sípíkà.

Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín ìsìn, àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé wọ́n á fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ ní títàn. Iná á padà dé lójijì, míkísà àti àmpìlìfáyà á jí pa pọ̀, bàù náà á sì bá gbogbo àpótí. Kí ẹnìkan máa pa àmpìlìfáyà ní kété tí iná bá ti lọ. Sitẹbiláísà tó ń dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí iná kọjá, irú èyí tí wọ́n ń lò fún fíríìjì, wúlò gan-an níbí.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń jó sípíkà lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí fólìtì bá rọlẹ̀ láti 230 sí 180, agbára àmpìlìfáyà lásán tó jẹ́ wáàtì 100 á wá sí nǹkan bí 61 kí ohùn rẹ̀ tó gé. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnnì fọ́lúùmù kò yí padà, ṣùgbọ́n ohùn ti ń gé nígbà tí kò tíì yẹ kó gé. Ẹ fi mítà wo iná jẹnẹrétọ̀ nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń kọrin, ẹ má wò ó nígbà tí ibẹ̀ dákẹ́. Bó bá wà lábẹ́ 200, ẹ yọ fáànù àti gílóòbù kúrò lórí rẹ̀, tàbí kí ẹ fa fọ́lúùmù wálẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ààbò sí i fún àpótí tó ń gba iná lọ́wọ́ àmpìlìfáyà onítiransísítọ̀ lè fi fíúùsì sójú wáyà pupa. Sípíkà oníwáàtì 50, olóòmù 8, ń gba áńpì 2.5 ní òkè rẹ̀. Fíúùsì áńpì 2 tó tètè ń já ló bá a mu. Ẹ má ṣe é fún onítíúùbù, torí bí fíúùsì bá já, sípíkà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Omi ọ̀sà, eku àti ojú ọ̀nà

Ẹ̀bútè, Májídùn, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Bàyéku wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin ibẹ̀ sì ń wọ bébà. Bébà tó rin á wúwo, á hu funfun bí búrẹ́dì tó bu. Irin inú àlàfo mágínẹ́ẹ̀tì á dípẹtà, kọ́ìlì á sì máa ha lára rẹ̀. Ẹ gbé àpótí lé pákó tó ga tó ìbú ọwọ́ kan nílẹ̀, kó má kan ògiri. Aṣọ ni kí ẹ fi bò ó, ẹ má fi ọ̀rá dì í. Ọ̀rá ń há ọ̀rinrin mọ́nú. Ẹ máa ta á fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kódà bí kò bá sí òde. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin dí ihò àpótí tó wà níwájú, torí eku fẹ́ràn àtimáa bí sínú àpótí, bébà sípíkà ló sì fi ń tẹ́ ibùsùn.

Bí ẹ bá ń kó wọn lọ sí òde, láti Ìkòròdú gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí sí ọ̀nà Ṣàgámù, ẹ jẹ́ kí àpótí dúró bó ṣe ń dúró, kí ẹ fi páálí nípọn bo ojú rẹ̀. Ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tí wọ́n tì sínú oòrùn. Gọ́ọ̀mù tó mú kọ́ìlì ń rọ̀.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò àti bí ẹ ṣe lè tún un ṣe

Ẹ pa ohun gbogbo. Ẹ to ìka méjèèjì yíká àárín bébà, kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tì í wọlé jẹ́jẹ́, ẹ súnmọ́ ọn pẹ̀lú etí. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń ha bí iyanrìn lábẹ́ bàtà, kọ́ìlì ti tẹ̀ tàbí ó ti wú. Ẹ fi mítà wọn án: sípíkà olóòmù 8 yẹ kó fún yín ní nǹkan bí 6 sí 7. Bí kò bá sọ nǹkan kan, wáyà ti já, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo okùn rírọ̀ méjì tó wà lẹ́yìn bébà. Ó lè jẹ́ òun ló já, èyí sì rọrùn láti fi léèdì jó padà.

Nígbà tí ẹ bá ń tú sípíkà, ẹ fi páálí bo bébà rẹ̀ kí ẹ tó mú súkúrú-dáráfà. Mágínẹ́ẹ̀tì máa ń fa irin náà lọ́wọ́ ẹni, á sì gún bébà já kí ẹ tó mọ̀. Bí ẹ bá ń dá nọ́ọ̀tì padà, ẹ mú wọn ní ìdojúkọra, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fún ẹ̀gbẹ́ kan pinpin, férémù irin náà á tẹ̀, kọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

Bébà tó ya ní ìwọ̀n tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ ṣeé tún ṣe. Ẹ ya tíṣù oníbébà kan sí méjì kó lè fẹ́lẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà tí ẹ fi omi díẹ̀ lù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ibi tó ya, ẹ tún lẹ òmíràn sí iwájú. Ẹ má lo èyí tó ń gan bíi gíláàsì. Ó ń le, bébà á sì tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó gbẹ fún wákàtí 24. Bó bá jẹ́ etí bébà, níbi tó ti ń rọ̀ láti ká, ló ya, tàbí kó ya kọjá ìwọ̀n yẹn, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń pààrọ̀ bébà àti kọ́ìlì pa pọ̀, kí ẹ sì rí i pé óòmù àti fífẹ̀ kọ́ìlì tuntun bá ti àtijọ́ mu.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ fi bátìrì 1.5 kan ṣoṣo kan ẹnu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, orí bátìrì sí ojú pupa. Bébà yẹ kó jáde síta. Bó bá wọlé, wọ́n ti yí wáyà rẹ̀, bó bá sì bá sípíkà kejì wà nínú àpótí kan náà, wọ́n á máa pa ohùn ara wọn, ẹ óò sì máa yí fọ́lúùmù sókè láìnídìí. Ẹ yí wáyà náà padà kí ẹ tó de àpótí.